Mo Fi Ibojì Yín Búra

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Dópẹ́mú, Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí ojú yín ṣì máa ríran kà á, kí oúnjẹ ṣì máa dùn lẹ́nu yín, kí ẹsẹ̀ yín sì lè gbé yín dé iwájú ilé. Ìkíni lásán kọ́ o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mo kọ sílẹ̀ yìí, àdúrà ni mò ń gbà, nítorí ó di ọdún méje tí mo ti gbóhùn yín gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà yín tí mo ní, mo pè é títí ó fi sú mi, ohùn obìnrin ilé-iṣẹ́ fóònù náà ló ń sọ fún mi pé kò wọlé.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ìṣòro ló jẹ́ kí n rántí yín. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò bá lójútùú kí ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yìí tó pé, mo máa pàdánù obìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ẹ̀bi rẹ̀ á sì jẹ́ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ti ya lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Eléyìí ni mi ò ní ya.

Orúkọ ọmọbìnrin náà ni Fẹ́kọ́mi, ọmọ Ilésanmí. Ilé ìta-oògùn kan ní Akówọ́njọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni mo ti pàdé rẹ̀ nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Mo ra oògùn ibà, mo padà lọ ra ti orí fífọ́, mo tún padà lọ ra ti ikọ́ tí mi ò wú. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní, “Brọ̀dá, ṣé ẹ máa sọ ohun tó ń ṣe yín gan-an ni àbí kí n bá yín pe dókítà?” Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá, ara mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ rí láti ìgbà tí Màmá ti lọ.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì tó kọ́lé sí Ìgándò. Ẹ mọ irú wọn: bí ìwé ìròyìn bá dé ọwọ́ wọn, báírò pupa ni wọ́n á kọ́kọ́ wá, kí wọ́n lè tún gírámà inú rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, wọ́n gbé omi àti gúgúrú síwájú mi, wọ́n ní, “Ọmọ ta ni ọ́?” Mo ní ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, olùkọ́ ìṣirò ní Ẹgbẹ́dá, pé ìyá mi ti lọ síbi àgbà ń rè. Wọ́n ní, “Bàbá ńkọ́?” Mo wolẹ̀. Mo ní, “Àwọn náà ti ṣaláìsí, sà.”

Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ọjọ́ tí a sin Màmá ní Ìkòtún, mo gbé àga kan sílẹ̀ fún yín ní iwájú, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Títí wọ́n fi da yẹ̀pẹ̀ bo pósí, ojú ọ̀nà ni mò ń wò. Ẹ ò wá. Pé tẹ́tẹ́ káàdì gbà yín lọ́wọ́ wa, pé ó gba iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ yín, pé Màmá ní láti kó mi wá sí Èkó nítorí rẹ̀, gbogbo ìyẹn ni mo ti ń wá àwáwí fún láti kékeré. Ṣùgbọ́n pé ẹ ò wá sin ín, mi ò rí àwáwí fún un. Láti ọjọ́ náà lẹ ti kú lójú mi. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í sọ irú èyí sí bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé irọ́ ti sú mi.

Irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ náà kò sì dúró lójú kan. Màmá Fẹ́kọ́mi káàánú mi, wọ́n ní níbo la sin yín sí. Mo ní iwájú ilé wa ní Ọ̀wọ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Ní oṣù Kọkànlá, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ṣe ìsìn ìrántí àwọn olóògbé, kí n tó mọ̀, wọ́n ti fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, bí àlùfáà bá ka orúkọ èèyàn ẹni, ìdìde ni. Mo gbọ́ “Simeon Ọlọ́runtọ́ba”, mo dìde. Fẹ́kọ́mi dìde pẹ̀lú mi, ó di ọwọ́ mi mú. Gbogbo ìjọ ní kí Ọlọ́run fún yín ní ìsinmi ayérayé, èmi ọmọ yín sì ṣe àmín. Ẹ dárí jì mí.

Ibi tí káàdì ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, Bàbá Fẹ́kọ́mi máa ń ta pókà, irú káàdì tí ẹ kọ́ mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n kọ́ ọ nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọn ò sì fi sílẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ owó ò gbọdọ̀ kan tábìlì wọn. Kọ́ọ̀kì ìgò mínírà la fi ń ta á. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó: Bàbá Fẹ́kọ́mi fúnra wọn, Abdulganiyy oníṣẹ́ iná tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ wọn, àti èmi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí n ní rárá. Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.

Ẹ máa bá wọn jà lórí òfin tábìlì wọn, mo mọ̀. Ní ibòmíràn, ipò ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó ń sọ iye tó fi sílẹ̀, máa ń yí ká ni, bó bá kàn mí báyìí, á kan ẹlòmíràn tó bá yá. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní níbi tí àgbà bá wà, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ rojọ́, àgbà ló ń dá a. Nítorí náà èmi tí mo kéré jù ni mo ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá pín káàdì, Abdulganiyy á tẹ̀ lé mi, Bàbá Fẹ́kọ́mi á wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu wa tán. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò sí ibi tó burú tó ibẹ̀, pé ẹni tó kọ́kọ́ lanu ti tú inú rẹ̀ fún ẹni tó ń gbọ́. Oṣù méje ni mo fi jókòó síbẹ̀. Bí mo bá fi kọ́ọ̀kì márùn-ún sílẹ̀, Bàbá á fi kún un, á di ogún, èmi á sì ju káàdì mi sílẹ̀ láti fi gbà fún wọn. Ọmọ tó bá tún fèsì lẹ́yìn tí àgbà ti sọ̀rọ̀, ẹ mọ ohun tí à ń pè é. Wọ́n wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹlẹ́sẹ̀ eré ni ọkọ ọmọ àwọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n pín káàdì méjì-méjì fún wa. Ayaba àti Jáàkì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Abdulganiyy ju tirẹ̀ sílẹ̀ kíá, ó ku èmi àti Bàbá Fẹ́kọ́mi. Káàdì márùn-ún tí wọ́n ṣí sí àárín, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí kálukú lè fi kún tirẹ̀, ni Ọba, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án mìíràn, mẹ́rin, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ méjì. Kò sí ìkankan tó bá tèmi mu. Òfìfo ni mo dì mú. Síbẹ̀, nígbà tí káàdì tó kẹ́yìn ti jáde, mo fi ogún kọ́ọ̀kì sílẹ̀, bóyá ẹ̀rù lè bà wọ́n. Bàbá wo ọwọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di ọgọ́ta. Wọ́n ní, “Dayọ̀, sá lọ jàre. Ṣé bí o ṣe máa sá fi ọmọ mi sílẹ̀ nìyẹn tí nǹkan bá le?” Fẹ́kọ́mi wà nítòsí tó ń ká aṣọ lórí okùn. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ta mí. Mo rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí a tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá yín tí ẹ̀ ń kọ́ mi. Ẹ ní bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo káàdì ti jáde, tí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ fi kún un, tí ẹni àkọ́kọ́ wá tún fi kún àfikún yẹn, gbogbo ayé ló máa gbà á gbọ́, torí kò sí ẹni tó lójú láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìní nǹkan gidi lọ́wọ́. Ẹ ní kí n má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé mi. Mo ti gbogbo kọ́ọ̀kì tó wà níwájú mi sí àárín tábìlì.

Ẹ̀yìn náà ni a wá mọ̀ pé Ọba méjì ló wà lọ́wọ́ Bàbá. Pẹ̀lú Ọba kan àti mẹ́sàn-án méjì tó wà nílẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló lè borí tiwọn, ìyẹn ni kí mẹ́sàn-án méjì yòókù wà lọ́wọ́ mi, kí mẹ́sàn-án mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé. Kò sí ẹni tó ń ju irú káàdì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin gan-an kò ní jù ú sílẹ̀. Bàbá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, “Olúdayọ̀, ta ló kọ́ ọ ní káàdì?” Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o ní i?” Mo ní, “Mo ní i, sà.” Wọn ò gbójú kúrò lára mi. Mo wá gbọ́ tí ẹnu ara mi sọ pé, “Mo fi ibojì bàbá mi búra.”

Bàbá da Ọba méjì wọn dojú délẹ̀, wọ́n gbà fún mi. Wọ́n ní, “Ó tó. Ọ̀rọ̀ parí.” Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí mi pé kí n jẹ́ kí àwọn fojú rí mẹ́sàn-án méjì yẹn. Kò sí òfin eré kankan tó ní kí n fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n àgbà ló nawọ́, mo fún wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń fún wọn, mo rò pé gbogbo wa la máa jọ rẹ́rìn-ín. Abdulganiyy tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó rí ojú Bàbá. Wọ́n yẹ Ayaba àti Jáàkì wò fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, “Irọ́ wà nínú káàdì, mo mọ̀. Nígbà tí mo bi ọ́, mi ò bi ọ́ nípa káàdì mọ́.” Wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi ń bá ara mi rojọ́ pé eré ni, pé kọ́ọ̀kì lásán ni, pé ta ló ń sọ òótọ́ nídìí pókà. Ṣùgbọ́n Bàbá mi, mo mọ̀. Wọ́n ti bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ti pè mí ní ọmọ wọn. Ẹni tó ń ta káàdì kọ́ ló bi mí léèrè nígbà yẹn, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dáhùn.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Èébú ni mo ń retí, àánú ni mo bá, àánú náà ló sì há mi mọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ òrukàn ni ọ́, o ò ní ẹni tó máa bá ọ wí. Ẹni tó fi ibojì bàbá rẹ̀ búra èké ti ṣẹ òkú, ìyàwó tó bá fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn. A máa lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wàá kúnlẹ̀ níbi ibojì náà, wàá tọrọ àforíjìn, èmi á dúró tì ọ́ bíi bàbá. Tá a bá ti dé, kò sí ohun tó máa dí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín lọ́wọ́. Tí o ò bá lè ṣe ìyẹn, má wá sílé mi mọ́.” Wọ́n ti háyà ọkọ̀. Màmá Fẹ́kọ́mi ti sanwó òdòdó tí wọ́n fẹ́ gbé lé orí ibojì yín.

Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Mo ti di báàgì láti sá, mo tún tú u. Lẹ́yìn ìyẹn mo ro ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí n bẹ bíríkìlà kan kó kọ orúkọ yín sára ibojì ìyá àgbà, kí n sì bẹ̀ yín kí ẹ kúrò nílé fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo mú ìwé, mo kọ ohun tó máa wà níbẹ̀. Mo kọ ọdún tí wọ́n bí yín. Nígbà tó kan ọdún ikú, mo fa ìwé náà ya, mo sunkún bí ọmọdé.

Láná, mo lọ bá Fẹ́kọ́mi ní ibi iṣẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Oògùn ló ń kà sínú ike, kò dáwọ́ dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, “Dayọ̀, ṣé o ní bàbá?” Mo ní mo rò pé mo ní. Ó ní, “O rò?” Ó ní títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún bàbá òun, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á sọ ọ́. Ó ní, “Mo lè fẹ́ ọmọ ẹni tó ń ta káàdì. Mi ò lè fẹ́ ẹni tó ń fẹnu pa èèyàn.” Kò sunkún. Ì bá sunkún, ọkàn mi ì bá fúyẹ́ díẹ̀.

Mo ti ṣe tán láti sọ ọ́, ohun tó dá mi dúró lẹ ó gbọ́ yìí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Testimony ọmọ Àǹtí Cecilia, aládùúgbò yín, ní òun rí yín níwájú ilé tí ẹ ń yáàrùn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún sọ fún mi pé òun rí yín, èmi náà ò sì bèèrè. Bí mo bá lọ sọ fún Bàbá Fẹ́kọ́mi pé ẹ wà láàyè, tí a dé Ọ̀wọ̀ tí a bá ibojì, ta ni ó tún gbà mí gbọ́ láyé yìí? Bí mo bá sì dákẹ́, tí ẹ̀yin fúnra yín jáde wá pàdé wa pé kí la wá ṣe, mo gbé. Bàbá mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo fẹ́ sọ òótọ́, mi ò sì mọ èwo ni òótọ́.

Ọ̀rẹ́ mi Olúwagbénga tó ń wakọ̀ láti Ìkòtún sí Ọ̀wọ̀ ló gbé lẹ́tà yìí wá. Ọjọ́rú ló máa dé ọ̀dọ̀ yín, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló ń padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún un lésì. Bó jẹ́ ìlà kan, ó tó. Ẹ lè bú mi nínú rẹ̀, ẹ lè ní ẹ ò fẹ́ rí mi, mo gbà á. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, kí n lè gbé e lọ sí Ìgándò, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sì sọ pé, “Bàbá mi rè é, mo parọ́.” Bí wọ́n bá lé mi lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lé mi nítorí ohun tí mo ṣe. Bí ẹ bá sì gbà fún wa, a ó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kì í ṣe nítorí Fẹ́kọ́mi nìkan mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ni mo ti ń gbọ́ bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ kí ẹ tó pín káàdì.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Kí ó fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín, kí ó má ka àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà sí mi lọ́rùn, kí ó má sì jẹ́ kó ṣẹ sí yín lára. Ẹ ó jẹun ọmọ o. Ìgbà tí a bá tún fojú kanra, ayọ̀ ni yóò jẹ́, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹnu ṣẹ̀ yín, tó sì ń bẹ̀ yín,
Olúdayọ̀.

Àfikún: Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣí lẹ́tà yìí nítorí pé ẹni tó ni ín kò sí mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún Olúwagbénga lẹ́nu, òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó jáde láyé sínú ìwé fún mi, kí ẹ kọ bóyá ó bèèrè mi. Ẹ má rò pé ó máa rọ̀ mí lọ́rùn pé ohun tí mo fi búra padà di òótọ́. Kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ sin ín sí, kí n mọ ibi tí mo máa kúnlẹ̀.